Ṣé ewé ń wo ẹ̀dọ̀ tó wú? Ohun tí ìwádìí rí lára ẹ̀yìn olobe, orógbó àti ata ilẹ̀ pupa

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 28 oṣù Keje tí í ṣe Àyájọ́ Àrùn Mẹ́dọ̀wú Lágbàáyé bá ti ń súnmọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ a tún gba orí WhatsApp. Ẹnì kan á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ pé ká gún ẹ̀yìn olobe, ká fún omi rẹ̀ mu fún ọgbọ̀n ọjọ́, àrùn á poora. Ẹlòmíràn á ní orógbó mẹ́ta láràárọ̀ ló tó. Ẹni tó ń ta oògùn oníhóró á ní ata ilẹ̀ pupa (turmeric) tòun nìkan ló ń fọ ẹ̀dọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà kan á bọ́ sórí Facebook, á ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, àgbo gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ni ìjà á bá bẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún nílé ìwòsàn pé ó ní mẹ́dọ̀wú lára, tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ lóru, kò ní mọ ẹni tí òun ì bá gbọ́.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Ewé tó wà nínú ìkòkò àgbo ń jẹ́ oògùn. Èròjà tí wọ́n yọ lára ewé yẹn ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n fún eku jẹ, òun náà ń jẹ́ oògùn. Èyí tí wọ́n ti dán wò lára èèyàn tí wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ tún ń jẹ́ oògùn. Ohun tí wọ́n bá rí lára ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí fún èkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "àrùn ẹ̀dọ̀" gan-an kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo.

Kí ló ń mú ẹ̀dọ̀ wú?

Gbogbo ohun tí a bá gbé mì, ìbáà jẹ́ iyán, ọtí, páráṣítámọ́ọ̀lù tàbí àgbo, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ibi tó kù. Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ oró inú wọn. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó ń gbé nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé kòkòrò àti ìdọ̀tí mì. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá rí ọ̀tá, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ara yòókù, wọ́n á sì ya bo ibẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀dọ̀ wíwú. Bí ìjà náà bá tètè parí, ẹ̀dọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí pé ó wà lára àwọn ẹ̀yà ara díẹ̀ tí wọ́n lè hù padà. Bí ìjà náà bá di ti ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á máa fi àpá dí ibi tí ó fara gbọgbẹ́, àpá lórí àpá, títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbandi. Inú ẹ̀dọ̀ líle yìí ni jẹjẹrẹ sábà máa ń ti yọ.

Ọ̀tá tó ń fa ìjà náà kò jọra. Fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B àti C ló ṣe pàtàkì jù nílẹ̀ wa. Àjọ Ìlera Lágbàáyé ṣírò pé lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ń gbé pẹ̀lú B, mílíọ̀nù 50 ló ní C, ikú tí mẹ́dọ̀wú sì fà lọ́dún náà tó mílíọ̀nù 1.3. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí mẹ́jọ ló ní B. Ọtí àmujù náà ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Ọ̀rá tó kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ lára ẹni tó sanra tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń mú un wú. Lára àwọn mìíràn, ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ṣi ẹ̀dọ̀ mú ní ọ̀tá. Oògùn àti ewé kan náà wà lára ohun tó ń fà á, a ó dé ibẹ̀.

Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Oògùn oníhóró tí èèyàn máa lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ń lé C kúrò pátápátá lára èèyàn tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún B, oògùn tí wọ́n ń pè ní tenofovir ń so fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà lé e lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lò ó fún ọdún gbọọrọ. Ti ọmọ ogun ara tó ṣìnà, oògùn tó ń rọ ìjà náà lójú ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá wá ní ewé kan "ń wo ẹ̀dọ̀" láìsọ ẹ̀dọ̀ tí kí ló bà á jẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ta ló kọ́kọ́ ní ewé ń wò ó?

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn baba wa mọ àìsàn tí ojú á pọ́n, tí ìtọ̀ á pọ́n, tí oúnjẹ á kọ̀ lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹni tó bá dé ọjà Ojúwòyè ní Mushin láàárọ̀ kùtùkùtù á rí i pé ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́jà: àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ jókòó ti òkìtì èèpo igi, egbò àti ewé tí ìrì kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Bí o bá ní ibà pọ́njú ni, wọn kì í wo ìwé. Ọwọ́ á ṣáà máa lọ láti òkìtì kan sí òmíràn, wọ́n á dì í sínú bébà, wọ́n á ní kí o fi omidùn sè é, omidùn yẹn ni omi tó ṣẹ́kù lórí ògì.

Ohun kan wà tó jẹ́ kí àgbo yìí gba orúkọ rere, tí a kì í sábà sọ. Mẹ́dọ̀wú A máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ jù lọ. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó B, ara tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa lé e lọ ní bí ìgbà 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọwọ́ tó kó o lára ìyá rẹ̀ ni kì í sábà rí i lé lọ, òun ló máa ń gbé e dàgbà. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó mu àgbo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ wá mọ́, kò purọ́ bó bá ní ara òun dá lẹ́yìn àgbo. Ìbéèrè tó kù ni bóyá kò ní dá ká ní kò mu ún. Láti dáhùn ìyẹn, àfi ká kó èèyàn púpọ̀ jọ, ká fún àwọn kan ní ewé, ká fún àwọn kan ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn olobe?

Wọ́n ti ṣe irú ìdánwò yẹn fún ẹ̀yìn olobe rí, ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ mọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewé yìí á hù létí gọ́tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín ebè. Kò ga ju orúnkún lọ. Bí o bá yí ẹ̀ka rẹ̀ dà, wàá rí àwọn èso wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sábẹ́ ewé, bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá. Ní Íńdíà náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wo ibà pọ́njú.

Baruch Blumberg ará Amẹ́ríkà ló rí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1976 nítorí rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ni ọjọ́ 28 oṣù Keje tí gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ àrùn náà. Kò ṣàjèjì sí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà: lọ́dún 1958, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ jáde tó fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wé ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi ojú sí ẹ̀yìn olobe. Lọ́dún 1987, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia sọ pé omi ewé náà dí iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú ìgò ìdánwò, àti pé ó ṣiṣẹ́ lára woodchuck, ẹranko kan tó jọ òkété tó ní irú mẹ́dọ̀wú tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti àwọn onímọ̀ ní Madras, tí í ṣe Chennai òde òní, gbé àbájáde ti èèyàn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n fún àwọn tó ní B lára ní 200 mílígíráàmù ìyẹ̀fun ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú àwọn 37 tó lò ó, àmì fáírọ́ọ̀sì poora nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 22. Nínú àwọn 23 tí wọ́n fún ní ohun òfìfo, ẹnì kan péré ló poora lára rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tí àwọn ará WhatsApp ń pè, ó jọ pé ibẹ̀ ló ti wá.

Ìròyìn yìí mi ayé ìṣègùn. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, ewé etí gọ́tà ì bá ti ṣe ohun tí oògùn kankan kò tíì lè ṣe títí dòní. Àwọn mìíràn wá tún un ṣe. Ní Thailand, lọ́dún 1990, ewé náà kò lé àmì náà lọ lára àwọn tó lò ó. Ní àwọn ibòmíràn tí wọ́n tún ti gbìyànjú, àwọn kan rí díẹ̀, ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan tó jọ ti 1988. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìdánwò jọ kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dún 2011, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó sàn ju ohun òfìfo lọ.

Kí ló dé? Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ewé náà ní ewé kì í jọ ewé: ilẹ̀ tó hù sí, àsìkò tí wọ́n já a, bí wọ́n ṣe sá a, gbogbo rẹ̀ ló ń yí agbára rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, nítorí pé orúkọ ewé náà gan-an rú wọn lójú níbẹ̀rẹ̀. Phyllanthus niruri ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó hàn pé Phyllanthus amarus ni. Àwọn tó ń ta kò ó ní ìdánwò àkọ́kọ́ kéré jù, àti pé oògùn tó bá ṣiṣẹ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ Madras nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìwádìí 1988 ránṣẹ́ sí ọ kò purọ́, àmọ́ ojú ewé kìn-ín-ní ló kà.

Orógbó ńkọ́?

Kò sí ibi ìkómọ tàbí ìdána tí a kì í ti í rí orógbó, òun la fi ń wúre pé kí ọmọ gbó kó tọ́. Ohun tó gbé e dé yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ Maurice Iwu, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Bẹ́ẹ̀ ni, òun kan náà ni ọ̀pọ̀ wá mọ̀ sí alága INEC láàárín 2005 sí 2010. Lọ́dún 1985, ó gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn èròjà inú orógbó tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ májèlé. Àpapọ̀ èròjà náà ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Láti ìgbà náà, Yunifásítì Ìbàdàn ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù, pàápàá lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Bí ìdánwò wọn ṣe sábà ń lọ nìyí. Wọ́n á fún eku ní kolaviron. Wọ́n á wá fún un ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bíi kábónù tẹtirakílóráìdì tí àwọn alágbàfọ̀ ń fi fọ aṣọ láyé ọjọ́un, tàbí páráṣítámọ́ọ̀lù tó pọ̀ lápọ̀jù. Lẹ́yìn náà wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo ALT. ALT yìí jẹ́ èròjà tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́, á jò sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bó bá ga, ẹ̀dọ̀ ń jóná. Ti àwọn eku tó jẹ kolaviron kì í ga tó ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Wọ́n tún rí i pé èròjà náà ń mú NF-kB wálẹ̀, ìyẹn agogo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pe àwọn ọmọ ogun ara jáde. Ewúro náà ní irú ìròyìn yìí: lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ l'Ékòó ròyìn pé omi ewúro gba ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ páráṣítámọ́ọ̀lù àlòjù.

Iṣẹ́ gidi ni o, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Eku náà kò ní mẹ́dọ̀wú B. Èròjà náà ti sábà wà lára rẹ̀ kí májèlé tó dé, bí ẹni tó ti gbé agboòrùn dání kí òjò tó dé. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ti ń gbé lára rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, òjò ti pa á tipẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. 100 sí 200 mílígíráàmù kolaviron fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń fún eku. Bí a bá fi ìṣirò tí àwọn onímọ̀ oògùn ń lò yí ti 200 padà sí ti èèyàn, ìyẹn ká pín in sí bíi mẹ́fà, ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù á nílò èròjà tó lé ní gíráàmù méjì lójúmọ́. Èròjà tí wọ́n ti yọ jáde là ń wí, kì í ṣe orógbó odindi, nínú èyí tí kolaviron kò ju ìpín kékeré lọ. Orógbó mẹ́ta láràárọ̀ kò sún mọ́ ọn. Àwọn dókítà n'Ílé-Ifẹ̀ ti fi orógbó ṣe ìdánwò lára èèyàn rí, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n orúnkún dídùn ni wọ́n fi wò, kì í ṣe ẹ̀dọ̀.

Ṣé kò wá sí ewé tó ti di oògùn ẹ̀dọ̀ rárá ni?

Ó wà. Irúgbìn ẹlẹ́gùn-ún kan ń hù létí òkun Mẹditaréníà tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, milk thistle ni wọ́n ń pè é. Ara hóró rẹ̀ ni wọ́n ti yọ silymarin, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ló sì tú èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀, silibinin, palẹ̀ lọ́dún 1968. Ní Yúróòpù, bí ẹnì kan bá jẹ olú olóró tí wọ́n ń pè ní Amanita phalloides, abẹ́rẹ́ silibinin wà lára ohun tí wọ́n ń fà sí i lára nílé ìwòsàn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yé wọn: ó ń dí ilẹ̀kùn tí oró olú náà ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀.

Nítorí èyí, wọ́n gbé silymarin lọ bá mẹ́dọ̀wú C. Lọ́dún 2012, ìwé ìròyìn JAMA gbé àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn èèyàn 154 ní Amẹ́ríkà tí ìtọ́jú àtijọ́ kò ràn, àwọn kan gba 420 mílígíráàmù, àwọn kan 700, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, àwọn kan gba òfìfo. ALT wọn kò yàtọ̀ síra. Èròjà tó ń gba ẹ̀mí ẹni tó jẹ olú kò rí nǹkan kan ṣe sí fáírọ́ọ̀sì.

Ní Japan, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa abẹ́rẹ́ glycyrrhizin, tí wọ́n yọ lára egbò dídùn kan, sára àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú tó ti wọra. Ó ń mú ALT wálẹ̀, àmọ́ ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Àwọn ará Ṣáínà náà ṣe oògùn kan tí wọ́n wò láwòkọ lára èso Schisandra, tí òun náà ń mú ALT wálẹ̀ kíákíá. Àwọn tó ń lò ó ní ìtura ni fún aláìsàn. Àwọn tó ń ṣe àríwísí ní èéfín lo lé, iná ṣì ń jó: fáírọ́ọ̀sì kò kúrò níbi tó wà.

Kí ló dé tí àwọn dókítà fi ń ní ewé ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́?

Nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀, ata ilẹ̀ pupa sì ni àpẹẹrẹ tó yani lẹ́nu jù. Curcumin tó wà nínú rẹ̀, tó ń fún un ní àwọ̀, ń rọ ìwúlé nínú ìgò ìdánwò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á ti fọ́ ọ kó tó dé ibikíbi. Àwọn oníṣòwò wá fi piperine kún un, èròjà tó ń mú ata dúdú àti iyèré ta lẹ́nu, kí ara lè gbà á. Ara sì gbà á. Lọ́dún 2022, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀dọ̀ tí oògùn bà jẹ́ ròyìn èèyàn mẹ́wàá tí ata ilẹ̀ pupa inú ìgò mú ẹ̀dọ̀ wọn wú. Márùn-ún nínú wọn dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹnì kan kú. Méje nínú wọn ló ní irú àbùdá kan náà, HLA-B*35:01, tó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ara ló ń kọ̀ ọ́. Èyí kò kan ṣíbí kan tí o dà sínú ìrẹsì. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú oògùn oníhóró ni.

Tíì ewé tútù (green tea) náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ife kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé èròjà EGCG inú rẹ̀, bó bá tó 800 mílígíráàmù lójúmọ́ nínú oògùn oníhóró, lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Garcinia cambogia, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ fọn, wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni orógbó. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, Garcinia ni orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n orógbó ni Garcinia kola, a kò sì lè fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ àbúrò níyà.

Ní Áfíríkà náà, ní Gúúsù, egbò kan wà tí àwọn Zulu ń pè ní impila. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìlera". Ó ti pa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn run, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Nílẹ̀ wa, a tún ní paraga: bí ewé inú rẹ̀ tilẹ̀ dára, ògógóró tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ti fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ẹ̀dọ̀.

Kí ni oníkálukú wá ń sọ?

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ìmọ̀ tí ìrandíran ti lò kò yẹ kó dúró de ìwé àṣẹ òyìnbó, àti pé kò sí ilé iṣẹ́ tó máa náwó sórí ewúro tí gbogbo ayé lè gbìn sẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ owó yẹn, àwọn onímọ̀ gan-an gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn dókítà ní àwọn kò bá ewé jà, ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni àwọn ń bá jà, nítorí ìgò àgbo ti òní àti ti ọ̀la kì í dọ́gba.

Àwọn méjèèjì ló ń fi oògùn ibà artemisinin ṣe ẹ̀rí. Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, kà nínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ pé wọ́n kàn ń rẹ ewé tí oògùn yìí ti wá sínú omi ni, wọ́n á sì fún un, ó sì fura pé iná ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Ó yí bó ṣe ń yọ ọ́ padà, ó rí oògùn, ó gba Nobel lọ́dún 2015. Oníṣègùn á ní: ẹ rí i, ewé ni. Onímọ̀ á ní: lóòótọ́, èròjà kan tí wọ́n yọ, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì dán wò ni. Àjọ Ìlera Lágbàáyé kò fọwọ́ sí sísè ewé náà mu fún ibà títí di òní.

NAFDAC dúró sáàárín. Nọ́ńbà rẹ̀ lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àrùn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò.

Ẹni tó ti ń mu àgbo lọ́wọ́ ńkọ́?

Ewu tó tóbi jù kì í ti inú ewé wá, inú ohun tí èèyàn pa tì nítorí ewé ló ti ń wá. Ẹni tó ń lo tenofovir tó wá dá a dúró lójijì nítorí àgbo, fáírọ́ọ̀sì lè jí padà pẹ̀lú ìbínú, kí ẹ̀dọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní C tó ń se ewé láti ọdún dé ọdún ń fi àkókò ṣòfò lórí àrùn tí oṣù mẹ́ta lè mú kúrò. ALT tó wálẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé B ti lọ: àyẹ̀wò tó ń ka iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ ìyẹn. Ọmọ tuntun ní tirẹ̀ kò nílò ewé kankan, abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i ló nílò.

Bí ojú bá ń pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì, tí ara ń yún láìsí èélá, tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dunni lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró tàbí àgbo tuntun, kó dá a dúró, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi àgbo pa mọ́ fún dókítà nítorí ẹ̀rù ìbáwí. Kí ó gbé ìgò náà dání lọ, pẹ̀lú ewé tó kù nínú bébà. Bí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ bá lè dárúkọ ohun tó dì sínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá bó ṣe pè é.